Ìyá Alásíá

Bùràímọ̀ tó máa ń di àsíá mú kò wá.
Wọ́n ní ó sáré lọ sí Èjìnrìn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rọbí.
Kóòṣì Gàníyù wo gbogbo wa tá a jókòó sídìí igi mángòrò,
ó ní, "Ìyá Sìdíkátù, ẹ̀yin lẹ máa ń pariwo jù. Ẹ dìde."

Bí mo ṣe gba àsíá nìyẹn,
àkísà yẹ́lò kan tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá,
ní pápá tó kọjú sí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́,
níbi tí ewúrẹ́ ti ń gba àárín kọjá láìbèèrè lọ́wọ́ rẹfirí.

Kì í ṣe pé mi ò mọ òfin ọ̀hún.
Alẹ́ Jímọ̀ ni Sìdí tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún mi lórí ẹní:
agolo mílíìkì ni gólì, ṣúgà ni àwọn tiwa,
ẹ̀pà ni àwọn tiwọn, bọ́tìnnì kan ni bọ́ọ̀lù.
"Mọ́mì, bí ẹ bá wà ní ìdajì tiwa, kò sẹ́jọ́.
Bí ẹ bá wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, kò sẹ́jọ́.
Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti ṣáájú bọ́ọ̀lù,
tó wá ku ẹ̀pà kan ṣoṣo láàárín ẹ̀yin àti gólì,
kí ẹnìkan wa má gbá a sí yín o.
Ọfúsáìdì nìyẹn."
Mo ní, "Tí èmi àti ẹ̀pà kejì bá wà ní déédéé ńkọ́?"
Ó ní, "Ẹ ò jẹ̀bi."
Mo ní ó ti yé mi, mo sì ju aṣọ́lé wọn sẹ́nu.

Èmi tí mò ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní èbúté láti ọdún mọ́kànlá!
Mo mọ ẹni tó fẹ́ fò sínú ọkọ̀ kó tó kan pákó.
Ojú mi kì í tàn mí.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè ìparí, òdo sí òdo.
Táíbátù gba bọ́ọ̀lù láàárín.
Sìdí gbéra.
Ẹ ò rí bí ọmọ mi ṣe ń sáré ni,
apá méjèèjì bí ẹni ń lé adìẹ kúrò lórí ìrẹsì,
nínú bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mo ki àkísà sí níwájú.
Ìgbà tí mo máa fojú kan àwọn tó kù,
ó ti fi wọ́n sílẹ̀ jìnnà,
òun nìkan, aṣọ́lé nìkan, bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lókè.
Mo gbé àsíá.

Ó ti gbá a wọlé kó tó rí mi.
Fèrè dún. Àwọn ará Aiyétòrò hó.
Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Ọmọ yín mà ni o!"
Mo ní mo mọ̀. Mo tilẹ̀ na ọrùn díẹ̀,
kí wọ́n lè rí olóòótọ́ dáadáa.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Òkè-Bàlógun.
Ibẹ̀ ló ti dúró, ó feyín ya ọ̀rá píọ̀ wọ́tà.
"Mọ́mì, nígbà tí Táíbátù gbá a, níbo ni mo wà?"

Mo la ẹnu.
Mi ò rí Táíbátù.
Mi ò rí ẹsẹ̀ tó gbá bọ́ọ̀lù.
Ọmọ mi ni mò ń wò.

"Èjìká sí èjìká ni èmi àti Nọ́mbà Mẹ́ta wọn wà.
Eré ni mo fi já a sílẹ̀.
Ìgbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń wò, Mọ́mì,
wọn kì í wo ìgbà tó dé."
Kò sunkún. Ì bá tiẹ̀ sunkún.
Ó fún mi ní omi tó kù.

Sátidé tó tẹ̀lé e, Bùràímọ̀ dé, wọ́n ti bí ọkùnrin,
ṣùgbọ́n mi ò gbé àsíá fún un.
Sìdí ti kọ́ mi: etí ni kí n fi ṣọ́ ẹni tó ń gbá a,
ojú ni kí n fi ṣọ́ ìlà.
Mo wá dúró, mo tẹjú mọ́ ọmọ ọlọ́mọ,
Nọ́mbà Mẹ́ta kan tí orúnkún rẹ̀ bó, tí mi ò mọ ìyá rẹ̀,
mò ń retí gbì ẹsẹ̀ lára bọ́ọ̀lù.
Ó dún.
Ohun kan ṣe fìrì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Mo mọ ẹni tí í ṣe. Mi ò yíjú.
Àsíá wà nílẹ̀.